Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùkọ́ lórí fífi ẹ̀yà ara tọrẹ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lè kọ lẹ́tà yìí sí àwọn dókítà, mo sì lè kọ ọ́ sí àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo ní í bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kódà nígbà tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ti sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí dókítà bá jókòó ti ìdílé kan tó sọ fún wọn pé èèyàn wọn ti kú, tí ẹlòmíràn sì wá bi wọ́n lẹ́yìn náà bóyá wọ́n á yọ̀ǹda ẹ̀yà ara rẹ̀ fún àwọn tó ń retí rẹ̀, àkókò tí wọ́n ní láti fi ronú kò tó nǹkan. Ọkàn tí wọ́n bá yọ kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 lọ kí wọ́n tó fi sára ẹlòmíràn. Ẹ̀dọ̀fóró náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ lè tó wákàtí 12, kíndìnrín sì lè tó wákàtí 24 sí 36. Kò sí bí a ṣe máa kó ìwé jáde ká máa dá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nírú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Tí mo bá sì fara balẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, ilé-ìwé wà lára ibi tí wọ́n máa ń dárúkọ: olùkọ́ kan ló sọ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ nípa ọkàn tàbí nípa kíndìnrín, tí ọmọ kan sì nawọ́ béèrè.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ká mi lára kò jìnnà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ máa ń wá sọ́dọ̀ wa ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, á sì lo bíi wákàtí mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gba inú rọ́bà jáde, ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, á sì padà sínú ara. Tó bá délé, ó gbọ́dọ̀ máa wọn omi tó ń mu. Mo mọ ìyá kan tó máa ń da omi ọjọ́ kan sínú ìgò kan láàárọ̀, tó sì máa ń pín in mu díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́, torí pé èyí tó bá lé, ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni yóò lọ. Ẹ̀rọ náà ń gbẹ̀mí là, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú láé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọkàn wọn tàbí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ tán kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè máa wá sídìí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n á rí ẹ̀yà ara gbà ni, tàbí kí wọ́n má rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ọ́ pé gbogbo ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pààrọ̀ lágbàáyé lọ́dún kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn aláìsàn nílò.

Mo ti dé ọ̀pọ̀ yàrá olùkọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Tí mo bá béèrè pé, "Ta ló gbà pé ó dára kéèyàn fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tọrẹ?", ọwọ́ á pọ̀ lókè. Tí mo bá wá ní kí ẹnì kan ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó wà nínú kọ́mà, tó dákú lọ tí kò jí, àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú, ọwọ́ á wálẹ̀. Àwọn tó ti ṣe ìwádìí láàárín olùkọ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè rí nǹkan tó jọ èyí: ọ̀pọ̀ ló nífẹ̀ẹ́ sí i, ìmọ̀ wọn kò tó ìfẹ́ náà, orí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n mọ̀ ti wá, àwọn tó sì ti forúkọ sílẹ̀ nínú wọn pé àwọn á fi ẹ̀yà ara tọrẹ kéré sí àwọn tó ní ó dára. Mi ò fi èyí bá yín wí. Ta ló kọ́ yín? Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sọ yín di olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, olùkọ́ tó mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po nínú ara ti mọ ìyókù nìyẹn.

Níbi kan báyìí, olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ràn gan-an, dìde níwájú mi tó sọ pé òun máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé wọ́n lè gba ọkàn lára ẹni tó wà nínú kọ́mà bí kò bá sí ìrètí. Ó sọ ọ́ tinútinú. Ohun rere ló rò pé òun ń gbé lárugẹ. Mo wo ojú àwọn olùkọ́ yòókù, mo rí i pé ẹ̀rù ti bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì tọ́, torí pé bó bá jẹ́ bó ṣe wí ni, èmi gan-an kò ní fọwọ́ sí i. Ẹni tó wà nínú kọ́mà kò tíì kú. A kì í gba ọkàn lára alààyè. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, tí ọmọ ogójì bá gbé e lọ sílé, ogójì ilé ló máa dé.

Nítorí náà, ẹ fún mi láyè kí n dúró díẹ̀ lórí ikú ọpọlọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti ń dojú rú.

Tí ọpọlọ bá fara pa gidigidi, bóyá nínú ìjàǹbá mọ́tò tàbí nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú rẹ̀, ó máa ń wú. Agbárí kò sì ní àyè tó lè fún un. Bó bá ṣe ń wú ni ìfúnpá inú agbárí á máa lọ sókè, títí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ọkàn bọ̀ kò fi ní lè wọlé mọ́. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á kú, títí kan ìdí ọpọlọ níbi tí àṣẹ mímí ti ń wá. Láti ìgbà náà lọ, ẹni yẹn kò lè fà èémí kan ṣoṣo fúnra rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọkàn kì í dúró de ọpọlọ kó tó lù. Ó ní ibi kan lára tirẹ̀ tó ń pàṣẹ lílù fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ bàọ́lọ́jì mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bá yọ síta ṣì máa ń lù fún ìgbà díẹ̀ nínú omi iyọ̀. Bí ẹ̀rọ ìmí bá ń fẹ́ ọ́síjìn sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn á ṣì máa lù fúngbà díẹ̀, ara á lọ́ wọ́ọ́rọ́, àyà á máa lọ sókè sódò. Ìdí nìyí tí ìdílé fi máa ń wò ó tí wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ó ń mí." Ẹ̀rọ ló ń mí. Ẹni náà ti kú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Wọn kì í wò ó láti òkèèrè. Wọ́n á kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe oògùn oorun, májèlé, tàbí òtútù tó pọ̀ jù lára ló mú un dákẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo ìwọ̀nyí lè mú kí alààyè dà bí òkú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan iná sí ẹyinjú rẹ̀ láti wò ó bóyá ọmọlójú á fún pọ̀. Wọ́n á fi òwú kan ojú rẹ̀. Wọ́n á tẹ egungun òkè ojú rẹ̀ le. Wọ́n á da omi tó tutù nini sínú etí rẹ̀, èyí tó máa mú kí ojú ẹni tí ìdí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ yí, kódà bó bá wà nínú kọ́mà. Wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín bọ inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti mọ̀ bóyá á wúkọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo máa ń fẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ jù lọ, torí pé ọmọ kékeré pàápàá lè lóye rẹ̀. Wọ́n á fún aláìsàn náà ní ọ́síjìn dáadáa, wọ́n á sì yọ ẹ̀rọ ìmí. Gbogbo wa á wá dúró yí ibùsùn ká, a ó máa wo àyà rẹ̀. Bí èèyàn kò bá mí, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń fipá mú ìdí ọpọlọ mí tó o. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín di èémí wọn mú, wọ́n á mọ agbára tí mò ń sọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà láti wò ó pé carbon dioxide náà ti ga dé ìwọ̀n tó yẹ kó ti fipá mú ẹnikẹ́ni tó bá wà láàyè mí. Bí àyà náà kò bá mira pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ó parí. Ọdún 1968 ni ìgbìmọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard kọ ìlànà irú àyẹ̀wò yìí sílẹ̀, wọ́n sì ti ń tún un ṣe látìgbà náà. Ẹni tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò yìí fún bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti kú, kì í padà.

Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń gba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ pẹ̀lú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n sì ti fìdí ikú múlẹ̀. Ti awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú sì tún rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí pé wọ́n lè gbà á ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ikú, kódà lára arúgbó. Òun náà ló pẹ́ jù nínú ìtàn: ọdún 1905 ni dókítà ojú kan, Eduard Zirm, ti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kan tí ojú rẹ̀ sì là.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rù bi mí lẹ́yìn èyí ni pé: "Tí mo bá ti forúkọ sílẹ̀, ṣé dókítà kò ní jẹ́ kí n kú kí wọ́n lè rí tèmi gbà?" Ẹ má ṣe fi ọmọ tó bá béèrè èyí rẹ́rìn-ín, kí ẹ má sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìlànà tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2010: àwọn dókítà tó máa sọ pé èèyàn ti kú kò gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ nínú yíyọ ẹ̀yà ara náà tàbí nínú fífi í sára ẹlòmíràn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹni tó máa gbà á. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń jà fún ẹ̀mí aláìsàn, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń retí kíndìnrín, kò sí ohun tó kàn mí ní ibùsùn ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ́ kí n dé ibẹ̀ láti wá béèrè nǹkan kan.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ba òkú jẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni, bíi ti alààyè; wọ́n á rán ojú ibi tí wọ́n là padà, wọ́n á nù ún, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, ìdílé á sì rí ojú òkú wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni kí olùkọ́ sọ fún ọmọ pé, "Ẹ̀sìn wa kò fàyè gbà á." Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2000, Póòpù John Paul II lọ bá àwọn oníṣẹ́-abẹ tó ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara sọ̀rọ̀ ní Róòmù, ó yin ìtọrẹ náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìfẹ́, ó sì sọ pé lílo ikú ọpọlọ fi pinnu ikú kò ta ko ẹ̀kọ́ Ìjọ bí wọ́n bá fi òtítọ́ ṣe é. Lọ́dún 1988, ní Jeddah, àjọ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìlànà tó le: kí ìyọ̀ǹda wà, kó máà sí títà àti rírà. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo àlùfáà àti gbogbo àáfà ló gbà. Àwọn kan wà nínú ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan tí wọn kò fara mọ́ ọn, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn náà. Ohun tí kò yẹ ni kí olùkọ́ ti ilẹ̀kùn tí àwọn àgbà ẹ̀sìn fúnra wọn ṣí sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Ronald Herrick fún olùkọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston, ó yọ̀ǹda kíndìnrín rẹ̀ kan fún Richard, ìkejì rẹ̀, ìbejì tí wọ́n jọra bí ẹni pé ẹnì kan ni wọ́n. Dókítà Joseph Murray ló ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1990. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀ máa ṣiṣẹ́ pẹ́ títí. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Ẹni tó fúnni ńkọ́? Ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́ ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró níwájú pátákó pẹ̀lú kíndìnrín kan. Ọdún 2010 ló tó kú, ẹni ọdún 79 ni. Ẹlẹgbẹ́ yín ni.

Ohun tó mú kí ti Richard ṣeé ṣe ni pé ìbejì olójú kan náà ni wọ́n, ara rẹ̀ kò sì ka kíndìnrín náà sí àjèjì. Àwọn yòókù ní láti dúró de oògùn. Nígbà tí Dókítà Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn èèyàn nígbà àkọ́kọ́ ní Cape Town lóṣù Kejìlá ọdún 1967, ọjọ́ 18 péré ni Louis Washkansky, ẹni tó gba ọkàn náà, lò lẹ́yìn rẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, torí pé oògùn tí kò jẹ́ kí ara kọ ọkàn náà ti sọ ara di aláìlágbára. Oògùn tó dára jù, cyclosporine, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìgbà náà ni pípààrọ̀ ẹ̀yà ara di ìtọ́jú gidi tó ń tán àìsàn.

Ibi tí olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ le ni ọ̀rọ̀ owó. Lọ́dún 2011, ọmọ ọdún 17 kan ní Ṣáínà ta kíndìnrín rẹ̀ kan fún àwọn oníṣòwò tó bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi owó rẹ̀ ra iPhone àti iPad. Ìyá rẹ̀ ló bi í léèrè ibi tó ti rówó. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìlera ọmọ náà ti bàjẹ́. Ọmọ tó jókòó ní kíláàsì yín lè pàdé irú àwọn èèyàn yìí nínú fóònù rẹ̀ lónìí. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé ìtọrẹ kò ní owó nínú, pé Ìkéde Istanbul tí àwọn oníṣègùn láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 2008 ta ko òwò ẹ̀yà ara, pé òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì kà á sí ìwà ọ̀daràn, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá na owó sí i nítorí kíndìnrín, kó lọ fi tó òbí rẹ̀ létí kíá. Tí àwọn olùkọ́ bá ń bẹ̀rù pé sísọ̀rọ̀ nípa ìtọrẹ máa ti ọmọ sínú ewu, ìdákẹ́ ló léwu jù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí nígbà tí mo bá wá sí ilé-ìwé, òun náà ló sì ń dùn mí jù: ọmọ tó ti gba ẹ̀yà ara, tó padà wá jókòó sí kíláàsì yín. Ìhà tí ẹ kọ sí i ṣe pàtàkì ju ìhà tí ẹ kọ sí káàdì ìtọrẹ ẹ̀yà ara èyíkéyìí lọ. Ọmọ tó gba kíndìnrín gbọ́dọ̀ máa mu omi púpọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ tọ̀. Mo tọ́jú ọmọbìnrin kan tí olùkọ́ rẹ̀ gba ìgò omi lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé òfin kíláàsì ni kí wọ́n má mu nǹkan, kò sì jẹ́ kó jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí agogo fi lù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yan òùngbẹ kí wọ́n má bàa pè é ní alájẹkì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló tú àṣírí fún wa. Oògùn rẹ̀ tún mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́langba ni wọ́n máa ń pàdánù ẹ̀yà tí wọ́n gbà jù lọ, ìdí pàtàkì rẹ̀ sì ni pé wọ́n ń fo oògùn, torí ìtìjú, torí ìrìn àjò ilé-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rántí agogo oògùn wọn. Bí ọmọ kan bá ní èéyi (measles) tàbí ṣìkẹ́ńpọ́ọ̀sì nínú kíláàsì náà, ẹ pe òbí ọmọ yìí lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó ṣú. Ohun tí ọmọ yòókù á fi ọ̀sẹ̀ kan sùn lè pa á. Tó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ má kàn yọ ọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn lè sáré dáadáa.

Ọmọ mìíràn tún wà: èyí tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kú, tí ìdílé rẹ̀ sì fi ẹ̀yà ara olóògbé náà tọrẹ. Lọ́dún 1994, wọ́n yìnbọn pa Nicholas Green, ọmọ Amẹ́ríkà ọlọ́dún méje, nígbà tí òun àti òbí rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lójú ìrìn àjò ní Ítálì. Àwọn òbí rẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀yà ara rẹ̀, èèyàn méje ló sì jàǹfààní, nínú ìlú tí wọ́n ti pa ọmọ wọn. Ìtọrẹ ní Ítálì lọ sókè gan-an lẹ́yìn náà. Ìtàn yìí dára láti sọ fún kíláàsì. Àmọ́ àbúrò wà nínú rẹ̀. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ẹlòmíràn. Inú rere ni ẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé á gbà á bí ẹ ṣe wí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú àwọn àlejò. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, pé ó dùn yín, àti pé ohun tí ìdílé rẹ̀ ṣe ran àwọn kan lọ́wọ́ láti máa wà láàyè.

Ní báyìí, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín. Mi ò ní kí ẹ máa gba ìbúwọ́lùwé lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mi ò sì ní kí ẹ fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó gbà, tàbí kí ẹ wo ẹni tó kọ̀ bí aláìláàánú. Ẹni tó bá kọ̀ lẹ́yìn tó ti mọ òótọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àmúrelé kan: kí wọ́n bi àwọn òbí wọn léèrè ohun tí wọ́n máa fẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kàn gbọ́ ìdáhùn, kí wọ́n má mú un padà wá sí kíláàsì. Ìjíròrò náà ni mo nílò. Ní Sípéènì, ibi tó ti ń ṣáájú gbogbo ayé nínú ìtọrẹ lẹ́yìn ikú fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ka olúkúlùkù sí ẹni tó ti yọ̀ǹda àyàfi tó bá kọ̀, láti 1979. Òfin yẹn nìkan kò ṣe nǹkan kan tó gbàfiyèsí. Ọdún 1989 tí wọ́n dá ONT, àjọ tó ń darí pípààrọ̀ ẹ̀yà ara níbẹ̀, sílẹ̀, tí Rafael Matesanz sì ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n fi àwọn èèyàn tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, ni nǹkan yí padà. Títí dòní, ìdílé ni wọ́n ṣì máa ń bi. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí olóògbé fẹ́ á dáhùn láìfi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bi ara rẹ̀ bóyá òun ṣì í.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ olùkọ́ náà, mo bẹ̀ yín: ẹ wá àyè fún èyí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀sán kan ti tó láti fi mọ ìyàtọ̀ kọ́mà àti ikú ọpọlọ, ta ló ń fìdí ikú múlẹ̀, ohun tí àwọn ẹ̀sìn sọ, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tó ti gba ẹ̀yà ara.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pè wá. Ẹ̀ka tó ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara tàbí tó ń tọ́jú kíndìnrín nílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ ní kí wọ́n wá bá ẹ̀yin àgbà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Kí olùkọ́ bàọ́lọ́jì wà níbẹ̀, kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà níbẹ̀, àti olùdámọ̀ràn ọmọ, àti ẹni tó ń darí eré ìdárayá. Ẹ kọ àwọn ìbéèrè yín sílẹ̀ láìkọ orúkọ yín sí i, pàápàá èyí tí ojú ń tì yín láti béèrè, kí ẹ kó o fún ẹni tó bá wá. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n rán, gbogbo rẹ̀ ni n ó dáhùn kí n tó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan ní ẹ̀ka ìtọ́jú kíndìnrín